A Kì Í Ṣoore Ká Lóṣòó Tì Í: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Díákónì Tuntun

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n nínú Olúwa, ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́wọ́ lé lórí láti di díákónì nínú ìjọ Ọlọ́run, lọ́kùnrin lóbìnrin, níbikíbi tí ẹ bá wà,

Mo kí yín kú oríire. Ọdún 31 ni mo fi wà ní ipò tí ẹ bọ́ sí yìí kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo mọ bí ọjọ́ ìgbọ́wọ́lé ṣe máa ń rí: aṣọ tuntun, orin, ẹbí tó wá báni yọ̀, ọwọ́ àwọn àgbà tó wúwo lórí ẹni. Kò sí ohun tó burú nínú ayọ̀ yẹn. Mo kàn ní sùúrù títí ó fi rọlẹ̀ ni, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ, ẹ̀yìn ayọ̀ ni àyè rẹ̀ wà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Ní ọdún kejì tí mo di díákónì, wọ́n ní kí èmi àti àwọn mẹ́ta mìíràn gbé ẹ̀bùn lọ fún àwọn opó ìjọ. A mú ẹni tó ń ya fọ́tò dání. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ màmá kan, a gbé àpò ẹ̀bùn náà lé e lọ́wọ́, a tò yí i ká, a rẹ́rìn-ín, wọ́n ya fọ́tò. Fọ́tò náà kò mọ́. Ẹni tó ń yà á ní kí màmá gbé àpò sókè díẹ̀ sí i, kí wọ́n kọjú síbí. Ìyá yìí ju ìyá tó bí mi lọ lọ́jọ́ orí. Wọ́n gbé àpò náà sókè. Ó wúwo, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, ojú wọn sì wà nílẹ̀. Ẹni yẹn tún ní, "Màmá, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀." Èmi ni mo dúró lápá ọ̀tún wọn. Mo rí ojú náà, n kò sì sọ nǹkan kan. Wọ́n lẹ fọ́tò náà mọ́ pátákó ní ẹnu ọ̀nà ìjọ. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, a kò rí màmá. Oṣù mẹ́rin gbáko ló kọjá kí wọ́n tó padà wá, ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n sì ń jókòó sí láti ìgbà náà lọ.

Àwọn àgbà ní a kì í ṣoore tán ká tún lóṣòó tì í. Àwa kò kàn lóṣòó ti oore tiwa, a dúró tì í, a rẹ́rìn-ín tì í, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ẹ̀bùn tí a gbé lọ yẹn tán láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìtìjú tí a fi kún un ni kò tán. Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín sí nìyí, ibẹ̀ sì ni gbogbo ìyókù lẹ́tà yìí ń lọ: ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tí ẹ ṣoore fún fi ìtìjú san án padà.

Ẹ rántí ohun tó bí ipò yín. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 6, ìjọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ̀ sí i ni ìkùnsínú bẹ̀rẹ̀. Àwọn Júù onígbàgbọ́ tó ń sọ èdè Gíríìkì ní wọ́n ń gbójú fo àwọn opó tiwọn nínú ìpín ojoojúmọ́. Àwọn àpọ́sítélì gbọ́ ẹ̀dùn náà, wọn kò bínú sí ẹni tó sọ ọ́. Wọ́n ní kí ìjọ yan ọkùnrin 7 tí wọ́n ní orúkọ rere, tí wọ́n kún fún Ẹ̀mí Mímọ́ àti ọgbọ́n. Ẹ wo àwọn tí ìjọ yàn: Sítéfánù, Fílípì, Pírókórù, Níkánórù, Tímónì, Páménà àti Níkólásì. Orúkọ Gíríìkì ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó gbẹ̀yìn nínú wọn kì í tilẹ̀ ṣe Júù láti inú ìyá rẹ̀. Ará Áńtíókù ni, ó gba ẹ̀sìn àwọn Júù ni. Bí mo ṣe kà á sí ni pé ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n rẹ́ jẹ ni ìjọ gbé ìpín náà lọ. Ẹni tí ebi ń pa ìyá rẹ̀ kò ní gbàgbé opó.

Inú ẹkún opó ni ipò yín ti wá. Mo fẹ́ kí ẹ máa rántí rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń fi yín sí ìjókòó iwájú.

Àwọn kan máa ń fa gbólóhùn kan yọ nínú orí yẹn láti fi bu iṣẹ́ yín kù. Wọ́n á ní ṣebí àwọn àpọ́sítélì sọ pé kò yẹ kí àwọn fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sílẹ̀ kí àwọn máa ṣe ètò oúnjẹ. Òótọ́ ni wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ nínú èdè Gíríìkì tí wọ́n fi kọ ìwé náà, diakonia ni wọ́n pe ìpín oúnjẹ, diakonia náà ni wọ́n tún pe iṣẹ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ní ẹsẹ 4. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ẹni tó wà lórí pẹpẹ àti ẹni tó wà nídìí ìkòkò, iṣẹ́ ìránṣẹ́ ni àwọn méjèèjì ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó bá a tan, diakonos, ni Jòhánù lò fún àwọn ìránṣẹ́ níbi ìgbéyàwó Kánà ti Gálílì. Kì í sú mi láti ka ibẹ̀. Ìkòkò òkúta 6 ló wà nílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba ìwọ̀n 2 tàbí 3, ìwọ̀n kan sì súnmọ́ lítà 40. Ẹ ṣírò rẹ̀: omi náà á lé ní lítà 450. Kò sí ẹ̀rọ omi nígbà náà. Ẹnì kan ní láti fà á, kó gbé e, kó dà á, kó tún yí padà lọ fa òmíràn. Àwọn àlejò jókòó sídìí àsè, àwọn wọ̀nyí ń pọnmi. Wáìnì ló tán, omi ni wọ́n ní kí wọ́n pọn, kò sì sí ẹni tó ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún wọn. Síbẹ̀ wọ́n kún ìkòkò náà dé ẹnu. Wọn ì bá ti dúró ní ìdajì, ta ni ì bá yẹ̀ ẹ́ wò?

Nígbà tí omi di wáìnì, ọkọ ìyàwó ni olórí àsè pè láti yìn. Kò sí ẹni tó yíjú sí àwọn tó pọnmi. Ṣùgbọ́n Jòhánù fi gbólóhùn kékeré kan sáàárín ìtàn náà tí ọ̀pọ̀ wa máa ń fò kọjá. Ó ní olórí àsè kò mọ ibi tí wáìnì náà ti wá, àmọ́ àwọn ìránṣẹ́ tó bu omi náà mọ̀. Ẹ̀yin ará mi, mo ti ka Bíbélì láti ìgbà èwe mi, n kò tíì rí owó oṣù díákónì tó dára ju ìyẹn lọ. Ọkọ ìyàwó gbọ́ ìyìn, àwọn àlejò mu wáìnì. Àwọn tí ọwọ́ wọn tutù fún omi ni wọ́n mọ ohun tí Jésù ṣe.

Ìtàn ẹsẹ̀ wíwẹ̀ nínú Jòhánù orí 13, gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n, n kò ní tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ibi méjì péré ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dúró sí. Ní ẹsẹ 3, kí ọwọ́ Jésù tó kan omi, wọ́n ti sọ fún wa pé ó mọ̀ pé Baba ti fi ohun gbogbo lé òun lọ́wọ́, pé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ni òun ti wá, ibẹ̀ náà ni òun sì ń lọ. Ìgbà tó mọ èyí tán ló dìde, tó bọ́ aṣọ rẹ̀ sílẹ̀, tó fi aṣọ ìnura di àmùrè. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́ yín pé kí ẹ máa bú ara yín ni ìrẹ̀lẹ̀. "Èmi lásánlàsàn", "èmi tí n kò já mọ́ nǹkan kan": mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn, mo sì ti sọ ọ́ rí. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ń retí kí wọ́n bá òun jiyàn ni. Ẹni tó mọ ọmọ ẹni tí òun í ṣe kò nílò rẹ̀. Ó lè kúnlẹ̀, kò sì ní máa bẹ̀rù pé òun ò ní lè dìde mọ́.

Ibi kejì ni ẹsẹ̀ Júdásì. Ó wà níbẹ̀, ó na ẹsẹ̀ sílẹ̀ bíi ti àwọn yòókù. Ẹ̀yìn tí Jésù wẹ ẹsẹ̀ wọn tán ló jáde lọ sínú òru. Ohun tó sì máa ń mú mi dákẹ́ nìyí: nígbà tí Jésù sọ pé ọ̀kan nínú wọn yóò da òun, ńṣe ni àwọn ọmọ ẹ̀yìn ń wo ara wọn lójú, wọn kò mọ ẹni náà. Bí Jésù bá ti fi ìkanra wẹ ẹsẹ̀ Júdásì, bó bá ti yára kúrò níbẹ̀, Pétérù tí ojú rẹ̀ mú yẹn ì bá ti fura. Wọn kò rí ìyàtọ̀ kankan. Ẹ̀yin náà yóò sin àwọn tó bú yín lẹ́yìn, àwọn tó dìbò lòdì sí yín, àwọn tó gba oore yín lánàá tí wọ́n sì tún sọ̀rọ̀ yín láìdáa lónìí. Ẹ má jẹ́ kí ọwọ́ yín sọ fún wọn pé ẹ rántí.

Bàbá kan ló kọ́ mi ní iṣẹ́ yìí, ó ti lọ sinmi. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ fọ́tò yẹn, ó ní kí n máa tẹ̀ lé òun, n kò sì mọ̀ nígbà náà pé ó ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ọ̀dọ̀ olórí ẹgbẹ́ akọrin wa tẹ́lẹ̀ ni a lọ, ọkùnrin kan tí àìsàn ti dá sórí ibùsùn láti nǹkan bí ọdún méjì, tí ìdùbúlẹ̀ sì ti dá egbò sí lẹ́yìn. Ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Bàbá kò wọlé. Ó kanlẹ̀kùn, ó dúró, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ gbà wá láyè?" Ìgbà tí wọ́n dá a lóhùn ló tó wọlé. Ó ká ọwọ́ aṣọ sókè, ó po omi gbígbóná mọ́ tútù, ó dà á sí ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀, ó dúró díẹ̀, ó tún bu tútù sí i. Ó fi aṣọ bo aláìsàn náà láti orí dé ẹsẹ̀, ibi tó bá fẹ́ wẹ̀ nìkan ló ń ṣí, tó bá sì ti nù ún tán, á bò ó padà. Òórùn egbò náà le. Ojú bàbá kò yí padà.

Bó ti ń ṣe é lọ, ó ń bèèrè ìbéèrè. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, àwọn ọmọ yìí kì í kọ ohùn kẹta orin àṣálẹ́ yẹn dáadáa. Báwo lẹ ṣe máa ń kọ ọ́ sí wa lẹ́nu?" Ọkùnrin náà gbóhùn sókè lórí ibùsùn, ohùn rẹ̀ ti há, ó kọ ìlà kan, ó ní, "Rárá, ẹ̀ ń yára jù níbẹ̀ yẹn." Bàbá tún un kọ, ọkùnrin náà ní kò rí bẹ́ẹ̀, ó tún un kọ fún un. Mo di àwo omi mú, mo ń wò wọ́n. Aláìsàn ni olùkọ́, ẹni tó ń wẹ̀ ẹ́ ni akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí a jáde, mo bèèrè bóyá kí n kọ ọ́ sínú ìròyìn tí à ń kà ní ìpàdé. Bàbá ní, "Kọ ọ́ pé a lọ síbẹ̀. Ohun tí a rí níbẹ̀ kì í ṣe tiwa."

Kì í ṣe bàbá yìí ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nígbà ìyàn ńlá kan ní Kesaríà ti Kapadókíà, ní ilẹ̀ tó di Tọ́kì lónìí, ní nǹkan bí ọdún 369, Basil, àlùfáà kan tó jẹ́ ọmọ ọlọ́rọ̀ tó kàwé, kó àwọn tí ebi ń pa jọ, ó ń bọ́ wọn, ó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ sìn wọ́n. Gregory ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ nígbà tó ń ṣe ìrántí rẹ̀ pé ó fi ọ̀wọ̀ kún ohun tó ń fún wọn. Gbólóhùn yẹn kéré, àmọ́ mo fẹ́ kí ẹ dì í mú: ó fi ọ̀wọ̀ kún un. Àlùfáà Damien náà, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, dé erékùṣù Molokai ní Hawaii ní ọdún 1873, níbi tí wọ́n kó àwọn tó lárùn ẹ̀tẹ̀ lọ láti yà wọ́n sọ́tọ̀. Ó di egbò wọn, ó kọ́ ilé fún wọn, ó gbẹ́ sàréè wọn. Ó máa ń sọ nínú ìwàásù rẹ̀ pé "àwa adẹ́tẹ̀", nígbà tí àìsàn náà kò tíì mú un rárá. Ní ọdún 1889 ni ó kú, ọmọ ọdún 49, àìsàn náà ló sì pa á. Gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ ikú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ "àwa" yẹn ló gbà mí lọ́kàn ní tèmi. Nínú ìpàdé wa, ẹ fetí sílẹ̀, ẹ ó gbọ́ bí a ṣe ń sọ "àwọn aláìní wọ̀nyẹn".

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí tó kàn yìí pẹ̀lú, nítorí ọ̀pọ̀ nínú yín ni yóò di olórí lọ́la. Ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ ìrẹ̀lẹ̀ bo ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Mo ti rí i tí wọ́n rẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọ jẹ, tí ó sì sọ̀rọ̀, tí wọ́n ní kò ní ìrẹ̀lẹ̀. Mo ti rí obìnrin tó ń ti ilé tí wọ́n ti ń lù ú bọ̀, tí wọ́n ní kó padà lọ rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ìwà ìkà ni, ẹ má jẹ́ kó ti ẹnu yín jáde láéláé. Nígbà tí wọ́n gbá Jésù lójú níwájú olórí àlùfáà, ó bèèrè lọ́wọ́ ẹni náà pé bí òun bá sọ̀rọ̀ rere, kí ló dé tó fi lu òun. Nígbà tí wọ́n na Pọ́ọ̀lù ní ìlú Fílípì láìgbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, tí wọ́n sì fẹ́ tú u sílẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́, ó kọ̀, ó ní kí àwọn aláṣẹ wá fúnra wọn wá mú àwọn jáde. Pọ́ọ̀lù yìí kan náà ló kọ̀wé sí àwọn onígbàgbọ́ ìlú Fílípì yẹn pé Kristi bọ́ ògo rẹ̀ sílẹ̀, ó sì mú àwọ̀ ìránṣẹ́. Jésù fúnra rẹ̀ ló bọ́ ọ. Ẹni tí wọ́n já aṣọ gbà lára rẹ̀ kò bọ́ aṣọ sílẹ̀, wọ́n jà á lólè ni.

Ẹ tún wo àwọn tó ń gbálẹ̀, tó ń fọ ilé ìgbẹ́, tó ń dúró kó àga jọ lẹ́yìn ìsìn. Bí ó bá jẹ́ àwọn èèyàn kan náà ni lọ́dọọdún, ẹ bọ́ sáàárín wọn. Kí ẹ gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n lọ jókòó.

Ó ku ọ̀rọ̀ màmá. Ó tó ọdún kan kí n tó ní ìgboyà láti lọ bẹ̀ wọ́n. Mo ti ro ohun tí mo máa sọ sílẹ̀, mo dé ọ̀hún, gbogbo rẹ̀ fò lọ lórí mi. Mo ní, "Màmá, ọ̀rọ̀ fọ́tò yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí." Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dìde, wọ́n rọra rìn lọ bu omi wá fún mi. Mo ní kí wọ́n má ṣe wàhálà, òùngbẹ kò gbẹ mí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, láti ìgbà tí ẹ ti ń wá síbí, ẹ kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi rí." Mo gba omi náà, mo mu ún tán. Jésù tó fi omi wẹ ẹsẹ̀ àwọn ẹlòmíràn tọrọ omi lọ́wọ́ obìnrin ará Samáríà, Jòánà àti Sùsánà sì wà lára àwọn obìnrin tó fi ohun ìní wọn ràn án lọ́wọ́. Mo ti wàásù lórí ẹsẹ Bíbélì wọ̀nyẹn rí, ilé màmá ni wọ́n ti yé mi.

Ẹ jọ̀ọ́, bí fọ́tò irú èyí bá ṣì wà lára pátákó yín tàbí lórí ìkànnì ìjọ yín, ẹ bá mi yọ ọ́ kúrò lọ́sẹ̀ yìí. Bí àwọn tí ẹ ya fọ́tò wọn bá ṣì wà láàyè, ẹ lọ bá wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìmú ẹ̀bùn dání. Ẹ kanlẹ̀kùn, kí ẹ sì dúró kí wọ́n tó ní kí ẹ wọlé. Bí wọ́n bá bu omi fún yín, ẹ mu ún.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ ìránṣẹ́ Kristi,

Díákónì àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì